Ojú Ẹ̀ta-Òkò: Iṣẹ́ Mi Lọ́dọ̀ Àwọn Ọmọ Tí Oṣù Wọn Kò Pé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókèèrè, tí ẹ ń bi ara yín bóyá ó yẹ kí ẹ wọ inú rẹ̀, mo fẹ́ sọ iṣẹ́ ayé mi fún yín, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kìlọ̀ fún yín nípa ara mi. Ìrántí mi kì í ṣe ẹlẹ́rìí rere. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti máa ń kọ ohun tí ojú mi rí lójoojúmọ́ sílẹ̀, ó sì ti yé mi pé ohun tí mo kọ nígbà náà àti ohun tí mo ń rántí lónìí kì í sábà bára mu. Mo máa ń rántí òjò níbi tí mo kọ oòrùn sí. Mo máa ń rántí ẹ̀rín lẹ́nu ẹni tí mo kọ pé ó ń sunkún. Nítorí náà, níbi tí nǹkan kò bá ti dá mi lójú, n ó sọ fún yín. Ìbínú tí ó wà nínú ìtàn yìí nìkan ni ẹ kò ní láti bi mí léèrè nípa rẹ̀. Ìyẹn kò tíì di ìrántí; a jọ jí láàárọ̀ yìí ni.

Bí wọ́n ṣe gbà mí sí iṣẹ́ kò ní ìtàn kankan nínú. Mo gba oyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ní Èkìtì níbi tí wọ́n bí mi sí, mo tẹ̀lé ọkọ mi wá sí Ẹ̀gbẹ́dá ní àwọn ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, ilé ìwòsàn aládàáni kan lójú ọ̀nà Ìgandò sì gbà mí. Owó oṣù ibẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í tètè dé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ wà nínú yàrá kékeré kan lẹ́yìn yàrá ìgbẹ̀bí, níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tí wọ́n bí kí oṣù wọn tó pé. Nínú yàrá yẹn ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi. Inú rẹ̀ náà ni mo ti jáde nígbà tí mo fẹ̀yìn tì.

Mètírọ̀nù Àkàndé ni ó ni yàrá náà, ohun yòówù tí dókítà ìbáà rò. Obìnrin Oǹdó ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ń rí eyín rẹ̀ bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Kí o tó fọwọ́ kan ọmọ, ìwọ yóò fọ ọwọ́, ìwọ yóò nù ún gbẹ, ìwọ yóò sì na ọwọ́ náà sí i kí ó fọwọ́ kàn án wò. Bí ó bá tutù, ó di ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nìyẹn. “Bí wọ́n bá da omi tútù sí ìwọ náà lára lójú oorun, ṣé wàá kí wọn pé ẹ ṣeun?”

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, ó mú mi lọ síwájú ọmọ kan tí kò tóbi ju ẹyẹlé lọ. Ó ní kí n wò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n kẹ̀yìn sí i.

“Sístà Bímpé, báwo ni ètè ọmọ yẹn ṣe rí?”

“Ó pupa, Mà.”

“Bíi ti kí ni?”

Mo ronú. “Bí osùn, Mà.”

“Yíjú padà kí o wò ó.”

Ètè ọmọ náà ti ń ṣú bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọ aró. Ó ti gbàgbé láti mí, gẹ́gẹ́ bí irú wọn ti máa ń gbàgbé. Mètírọ̀nù fi ìka ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ náà fa èémí, àwọ̀ rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀.

“Ìwé lo kà wá síbí, o ò tíì ka ọmọ,” ni ó wí. “Ojú rẹ ni kí o gbà gbọ́. Má gba ìrántí rẹ gbọ́ láé. Ohun tó bá wu ìrántí ló ń sọ.”

Mo rò pé bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ pé èmi ni mo ti ń tún ọ̀rọ̀ náà ṣe láti ìgbà yẹn wá.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Mètírọ̀nù a máa fi ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó wọlé. Mo kórìíra rẹ̀ fún odidi ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ọmọ tí ó kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń yè, pàápàá àwọn tí a ti ń wo ìyá wọn pẹ̀lú ojú àánú.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, orí tábìlì kan ṣoṣo lè gba gbogbo irinṣẹ́ wa: ìgò tí a rọ omi gbígbóná sí, tí a wé mọ́ inú aṣọ; gílóòbù tí a so kọ́ sókè ibùsùn; rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń ti imú ọmọ gbé wàrà ọmú wọlé; àti sílíńdà ọ́síjìn tí ó dúró ní kọ̀rọ̀ bí ọlọ́dẹ. Bí iná bá lọ tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè gbà, a ó gbé ọmọ lé àyà ìyá rẹ̀, ara sí ara. Ó pẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó wá sọ fún wa pé èyí tí a ń ṣe nítorí àìní gan-an ni ó dára jù. Alábàárù kan wá láti ọjà Ṣáṣá, tí àìsàn dá ìyàwó rẹ̀ dúbúlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bọ́ ẹ̀wù jókòó lọ́sàn-án, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn bí alángbá tó lẹ̀ mọ́ ògiri.

“Bàbá, ẹ ṣọ́ra o,” ni ọ̀kan nínú wa wí, “kó má lọ máa wá ọmú níbẹ̀ yẹn.”

“Ẹ jẹ́ kó máa wá a, jàre. Bó bá rí i, kó pe èmi náà kí n wá wò ó.”

Mètírọ̀nù rẹ́rìn-ín ní ọjọ́ náà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó rẹ́rìn-ín, nítorí náà n kò ní jiyàn.

Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, èmi ni wọ́n fi yàrá náà lé lọ́wọ́. Àpótí onígíláàsì tí ń mú ọmọ móoru ti dé nígbà náà, ẹ̀rọ kékeré kan náà sì dé tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ, tí ń sọ fún wa bóyá ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó tàbí ó pọ̀ jù. Kí ẹ̀rọ yìí tó dé, a kò mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ́ “pọ̀ jù”. Èémí ni, a sì rò pé èémí kì í pọ̀ jù. Ibi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n ti là á yé wa pé ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ̀jẹ̀ kò tíì rìn dé ibi gbogbo lẹ́yìn ẹyinjú rẹ̀. Pé bí ọ́síjìn bá pọ̀ jù, tàbí bí ó bá ń lọ sókè sódò, àwọn iṣan ibẹ̀ lè hù ní ìhùkúhù, kí wọ́n sì fa awọ tí a fi ń ríran ya. Wọ́n ní dókítà ojú lè fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ kan dá a dúró, bí ó bá tètè rí i. Àkókò tí ó fi lè rí i kò sì gùn. Bí ó bá ti kọjá, ó kọjá.

Àwọn ọdún yẹn náà ni àwọn ilé ìtọ́jú àwọn tí ń wá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú títì bí olú. Láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé Ìkòtún, pátákó wọn wà níbẹ̀, ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ, tí wọ́n wọ aṣọ funfun, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tí ń lọ. N kò rí pátákó kan rí tí wọ́n ya ọmọ tí ó ní rọ́bà nímú sí. Wọn kò ya ìyá tí ń fi ọwọ́ fún ọmú sínú ife láàárọ̀ lọ́sàn-án sórí rẹ̀. Mo máa ń kọjá lábẹ́ àwọn pátákó náà lọ síbi iṣẹ́, n ó sì bá àwọn ọmọ orí wọn nínú àpótí gíláàsì, wọn kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kankan.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọ̀nà méjì ni inú fi ń bí mi, wọ́n sì dojú kọ ara wọn. Inú ń bí mi sí àwọn tí ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọmọ ìgò, tí ń wò ó bí ẹni tí kò dé ayé láti ọ̀nà. Ẹyin ìyá rẹ̀ ni, àtọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Dókítà kàn pò wọ́n pọ̀ níta, ó sì dá ọlẹ̀ náà padà sínú ilé ọmọ. Mo ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn tí wọ́n dá wá, tí oṣù wọn pé, tí wọ́n ké bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní àrùn kankan. Àwọn onímọ̀ ṣì ń bá ara wọn jiyàn lórí àwọn ewu kéékèèké kan, wọn kò sì tíì lè sọ bóyá ìtọ́jú náà ni ó fà á tàbí ohun tí kò jẹ́ kí àwọn òbí tètè bímọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu kan wà tí ẹnikẹ́ni kò jiyàn lé lórí, òun náà ni ó sì ń kún yàrá mi: ọ̀pọ̀ ọmọ nínú oyún kan. Ilé ọmọ kì í ṣe gbọ̀ngàn. Bí wọ́n bá pọ̀ níbẹ̀, wọn yóò tètè jáde, wọn yóò sì kéré. Kì í ṣe ìgò ni ó ń pa wọ́n lára. Èrò pọ̀ jù nínú ilé ni. Inú sì ń bí mi jù lọ sí àwọn tí wọ́n mọ èyí, tí wọ́n sì dákẹ́.

Sìdíkátù ni orúkọ ìyá tí n kò lè gbàgbé. Mufútáù ọkọ rẹ̀ ń ṣe káfíńtà ní Ìdímù. Wọ́n ti wá ọmọ títí tí àwọn ará ilé fi dẹ́kun bíbéèrè, èyí tí ó burú ju bíbéèrè lọ, kí wọ́n tó yà sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtọ́jú náà. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí fún wa ní ọ̀sán ọjọ́ kan, oṣù méje kò tíì pé. Táíwò kò bá wa dé òpin ọ̀sẹ̀ náà. Kẹ́hìndé àti Ẹ̀ta-Òkò dúró. Ẹ̀ta-Òkò ni ó kéré jù, obìnrin ni, òun náà ni ó sì pẹ́ jù lórí ọ́síjìn, nítorí pé bí a bá ti dín in kù báyìí ni yóò máa gbàgbé láti mí.

Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè bí ó ti ń fún ọmú sínú ife.

“Ìyá Ìbẹta, mélòó ni wọ́n fi síbẹ̀?”

Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. “Mẹ́rin, Sístà. Ọ̀kan ò dúró. Dókítà ní ṣé ìbejì wù mí. Ta ni ìbejì ò wù? Mo ní bí Ọlọ́run bá máa ṣe é, kó kúkú ṣe é pọ̀.”

“Ṣé ó sọ fún ọ pé wọ́n lè má pé oṣù?”

“Ó ní bó bá pọ̀, ó dájú ju kó kéré lọ. Ohun tó sọ nìyẹn.” Ó di ọwọ́ mi mú. “Ẹ jọ̀ọ́, Sístà, Alhája ò gbọdọ̀ gbọ́ o. Ìyá ọkọ mi. Wọ́n á ní àtọ̀ ta ni wọ́n pò mọ́ ọn. Wọ́n á kọ ọmọ mi sílẹ̀.”

Mo ṣe ìlérí fún un. Aṣírí aláìsàn kì í ṣe ohun ìní nọ́ọ̀sì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kí ẹ sì mọ̀ pé yóò wúwo lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ tí àwọn ọmọ náà ń lọ sílé, mo jókòó ti Sìdíkátù àti Mufútáù. Dókítà ojú tí ń wo irú wọn kò sí ní gbogbo Àlímọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ilé ìwòsàn ìjọba kan lápá Erékùṣù ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé wọn lọ. Mo ní, “Ọ̀sẹ̀ yìí ni o, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Àwọn méjèèjì ní àwọn gbọ́. Alhája wà níta, ó ń bá onítakisí jà pé kó ti wíńdò.

Wọn kò lọ. Mo pe Mufútáù lórí fóònù.

“A máa lọ, Sístà. Kí ogójì ọjọ́ ṣáà pé.”

“Ogójì wo? Ṣebí ó ti pé kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ wa.”

“Alhája ní ọjọ́ tí wọ́n wọlé làwọn bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọ́n ní ti ilé ìwòsàn ò kà, pé nígbà yẹn ọmọ ò tíì bọ́ sọ́wọ́ wa.”

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí ó ń sọ. Ìyá ìkókó àti ọmọ kì í jáde kí ogójì ọjọ́ tó pé. Ojúlówó àṣà ni, ó sì ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ìkókó là lọ́wọ́ òtútù àti àìsàn. N kò ní bú àṣà náà. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà kan láyé àtijọ́ tí ó rí ọmọ tí yóò lo irú ìgbà bẹ́ẹ̀ nínú gíláàsì kí ó tó délé, nítorí náà kò sí ẹni tí ó sọ ọjọ́ tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Alhája yan èyí tí ó rò pé ó ní ìfẹ́ jù. Ojú ọmọ ní tirẹ̀ ti ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí wọ́n bí i.

Mo lọ sí Ìdímù. Ìyẹ̀fun igi kún iwájú ilé wọn, inú yàrá sì gbóná. Alhája gbà mí tọwọ́-tẹsẹ̀. Obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó rí rìbìtì, ohùn rẹ̀ kún inú ilé.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ káàbọ̀! Ẹ wá wo ọmọ yín. Ẹ ò rí i pé wọ́n ti ń dán?”

“Wọ́n ń dán, Màmá. Ojú wọn ni mo bá wá.”

“Kí ló ṣe ojú wọn?”

“A ò tíì mọ̀, ìdí tí mo fi wá nìyẹn. Ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò bá pé, tó tún pẹ́ lórí ọ́síjìn, dókítà ojú gbọ́dọ̀ wò ó kíákíá.”

“Èmi tí ẹ ń wò yìí, oṣù méje ni wọ́n bí mi. Títí dòní olónìí, mò ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ lójú ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí ogójì pé, jàre. Àwọn tó ti fojú kan ikú, ṣé ẹ fẹ́ kí n gbé wọn fún atẹ́gùn Èkó ni?”

Mo wo Sìdíkátù. Ó ń wo ilẹ̀. Mufútáù sìn mí jáde, ibẹ̀ ni ó sì ti sọ òtítọ́ fún mi.

“Sístà, kì í ṣe ogójì nìkan. Tá a bá débẹ̀, wọ́n á béèrè bí oyún ṣe wáyé. Alhája ò ní jẹ́ ká lọ láìtẹ̀lé wa. Níwájú wọn ni àwọn dókítà ti máa bi wá. Ẹ jẹ́ kí ogójì yìí pé, Alhája á padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, a máa gbé wọn lọ lọ́jọ́ kejì.”

“Bàbá Ìbẹta, ojú ọmọ ò mọ Alhája. Kò ní dúró dè é.”

“Mo mọ̀, Sístà.”

“O ò mọ̀!” Mo pariwo mọ́ ọn ní ìta gbangba, níwájú àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́. N kò mọ bí mo ṣe délé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo fi ẹsẹ̀ rìn. Ọkọ mi ní irọ́ ni, ọ̀kadà ni mo gùn.

Mo tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo mú tọ́ọ̀ṣì dání. Mo tan iná náà síwájú Kẹ́hìndé, ó ṣẹ́jú, ó sì yí orí kúrò. Mo tan án síwájú Ẹ̀ta-Òkò. Kò ṣe nǹkan kan. Mo rí ohun funfun kan nínú dúdú ojú rẹ̀. Mo tún un tàn. Sìdíkátù, tí ó dúró lẹ́yìn mi, ti rí ohun tí mo rí. Ó kúnlẹ̀ lójijì níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

“Alhája, ẹ dárí jì mí. Dókítà ló fi wọ́n sí mi nínú. Mẹ́rin ló fi síbẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi pọ̀, nítorí ẹ̀ ni oṣù ò fi pé, òun la sì ń sá fún tá ò fi lọ.”

Alhája bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó lójú.

“Ti Mufútáù ni?”

“Tiwọn ni, Alhája. Tiwọn àti tèmi.”

“Ṣé ohun tí ẹ ń fi pa mọ́ fún mi nìyẹn?” Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. “Èmi tí mo gba ààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ọmọ Mufútáù, bó bá tinú igbá jáde, ṣé mi ò ní gbé e pọ̀n? Ẹ jẹ́ kí n máa ka ogójì bí òmùgọ̀!” Ó ti ń fa ìró rẹ̀ yọ. “Ẹ bá mi gbé e. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ gbé e, mo ní!”

Ó pọn Ẹ̀ta-Òkò, Sìdíkátù pọn Kẹ́hìndé, a sì lọ ní ọ̀sán gangan yẹn, kí ogójì rẹ̀ tó pé. Ẹni tí a ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí ni ó ń sáré níwájú wa.

Dókítà ojú wo àwọn méjèèjì. Ó ní ti Kẹ́hìndé ṣì ṣeé gbà là, wọ́n sì fi iná tẹ́ẹ́rẹ́ náà tọ́jú rẹ̀ kíákíá. Ní ti Ẹ̀ta-Òkò, awọ ojú méjèèjì ti ṣí kúrò ní ipò wọn. Alhája ní kí ó tún wò ó. Dókítà náà, tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, tún wò ó, nítorí àpọ́nlé.

“Màmá, ká ní ẹ gbé e wá lọ́sẹ̀ tí wọ́n délé ni.”

Alhája kò sunkún. Ó kàn ń fọwọ́ gbá ọmọ náà nídìí léraléra, bí ẹni tí ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ọmọ náà kò sì sunkún rárá.

Mo ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Irinṣẹ́ ń dára sí i. A ní èyí tí ń po ọ́síjìn mọ́ afẹ́fẹ́ kí ó má bàa le jù. Mo bá ọ̀gá wa jà títí tí ó fi gbà kí dókítà ojú máa wá sí yàrá wa, kí ọmọ tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Mo kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tí ó dé lẹ́yìn mi, wọ́n kórìíra mi fún odidi ọdún kan gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Kẹ́hìndé ń lo awò. Ẹ̀ta-Òkò wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, ó ń fi ìka kàwé, ẹjọ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ kì í sì í tán. Bí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára, n ó ní ó dára. Ẹ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ mú ẹnu yín dání.

Mo fo ọjọ́ kan. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó, nítorí pé òun ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà ojú dé, Alhája ní kí n mú òun lọ síbi tí wọ́n ti fún ìyàwó ọmọ òun lóyún. Ọ̀gá wa ti bẹ̀ mí kí n má ṣe dá sí i, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aláboyún wa ti ń wá. Mo lọ. N kò rántí àwọ̀ ògiri yàrá tí a jókòó sí. Mo rántí pé àwọn obìnrin jókòó yí i ká, ọwọ́ wọn lórí báàgì wọn, wọn kì í wo ara wọn lójú.

“Màmá, ṣé dókítà mọ̀ pé ẹ ń bọ̀?” ni ọmọbìnrin tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà béèrè.

“Kò mọ̀. Ọmọ tó fi síkàáwọ́ wa ni mo gbé wá kí i.”

Obìnrin kan tí ó jókòó tì wá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ kú ọmọ o, Màmá. Kí lorúkọ ẹ̀?”

“Ẹ̀ta-Òkò.”

“Háà, ìbẹta! Ọlọ́run á ṣe irú ẹ̀ fún wa o.”

Gbogbo yàrá la ẹnu.

“Ẹ má tíì ṣe àmín,” ni Alhája wí. Ó tú ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn, ó gbé e lé orí itan, ó kọjú rẹ̀ sí wọn. “Àkọ́kọ́ ti lọ. Ìkejì wà nílé, wọ́n ti fi iná jó o lójú kó lè máa ríran. Ìkẹta rèé. Ẹ juwọ́ sí i.”

Obìnrin náà juwọ́. Ó juwọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ náà bo ẹnu ara rẹ̀.

Wọ́n ti lọ pe dókítà. Ọkùnrin mímọ́ tónítóní ni, ohùn rẹ̀ tútù. “Màmá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ́fíìsì.”

“Mélòó lo fi sí ìyàwó ọmọ mi nínú?”

“Màmá, àwọn fúnra wọn ló ní ìbejì wu àwọn.”

“Bí ọmọdé bá ní ọ̀bẹ wu òun, wàá fún un? Ìwọ tó o mọ̀, kí ni ìwọ sọ fún un?”

Ó wo èmi. “Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi là á yé wọn. Iṣẹ́ tiwa parí níbi tí oyún bá ti dúró. Ọ̀rọ̀ ojú, ti àwọn tó tọ́jú ọmọ ni.”

“Dókítà,” ni mo wí, “inú oyún tí ẹ dá dúró ni ojú náà wà.”

Obìnrin tí ó juwọ́ ni ó dìde.

“Èmi ńkọ́, sà? Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ ní kí n wá. Mélòó lẹ fẹ́ fi sí tèmi?”

“Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nínú ọ́fíìsì, Mà.”

“Rárá, sà. Ẹ sọ ọ́ níbí.”

Dókítà wo gbogbo ojú tí ń wò ó. “Mẹ́ta,” ni ó wí.

“Ẹ fi ọ̀kan sí i. Mo fẹ́ kó pé oṣù ẹ̀.”

Alhája gbé Ẹ̀ta-Òkò padà sẹ́yìn, ó fa ọ̀já rẹ̀ le.

“Ó yá,” ni ó wí fún gbogbo yàrá, “ẹ wá ṣe àmín báyìí.”